Kóró Àjèjì Nínú Ẹyin Onílé

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ kú oòrùn Ìbàdàn yìí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òkè-Àdó, ìyá àgbà mi máa ń kó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sábẹ́ adìyẹ tó bá ń sàba. Adìyẹ á jókòó tì í, ẹyin á pa, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ á jáde, wọ́n á sì máa tẹ̀ lé adìyẹ yẹn káàkiri àgbàlá bí ẹni pé òun ló yé wọn. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ tí omi bá dárogún lẹ́yìnkùlé, gbogbo wọn á kó wọnú omi. Adìyẹ á dúró létí ibẹ̀, á máa ké, á máa sá síwá sẹ́yìn. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí. Ooru ló fún àwọn ẹyin yẹn, kò fún wọn ní nǹkan mìíràn. Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n láti àgógó títí dé èékánná.

Ìbéèrè tí mo gbé wá lónìí jìn ju ti adìyẹ yẹn lọ. Bí a bá ṣí ẹyin ẹranko kan tí kò tíì di ọmọ, tí a yọ kóró inú rẹ̀ dànù, tí a wá fi kóró ẹranko mìíràn sípò rẹ̀, ta ni yóò jáde? Àwọn kan ti ṣe é, wọ́n sì ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó ṣe rí ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi orúkọ lé àwọn nǹkan. Ẹ mú àgbálùmọ̀ kan lọ́wọ́. Ó ní èèpo, ó ní ẹran tó dùn tó sì kan, ó ní kóró. Sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n fi kọ́ gbogbo ara wa, jọ ọ́ díẹ̀. Kóró rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní núkílíọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni kúrómósómù wà, lára kúrómósómù ni DNA wà, ìwé àṣẹ tí ara ń tẹ̀ lé, tí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ. Ohun tó yí kóró ká, tó ki bí ẹ̀kọ mímu, ni wọ́n ń pè ní sáítòpíláásìmù. Omi-inú ni màá máa pè é, kí ọ̀rọ̀ lè yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé omi lásán ni. Inú rẹ̀ ni àwọn ààrò kéékèèké wà, maitokọ́ńdíríà, tó ń fi afẹ́fẹ́ tí a mí sínú sun oúnjẹ tí a jẹ, tó ń sọ ọ́ di agbára. Àwọn ààrò yìí ní DNA tiwọn lọ́tọ̀. Lára ènìyàn, lẹ́tà 16,569 péré ni, jíìnì, ìyẹn ẹyọ àṣẹ kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 37, nígbà tí lẹ́tà ti inú kóró tó bíi bílíọ̀nù 3. Ọ̀dọ̀ ìyá la sì ti ń jogún ti ààrò. Bàbá kì í fún wa.

Ẹ má sì pe ohun tí mò ń sọ ní ìbaaka. Bàbá ìbaaka kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni, ìyá rẹ̀ ẹṣin ni, inú kóró rẹ̀ gan-an sì ni méjèèjì ti dàpọ̀ ní ìdajì-ìdajì. Ohun tí mò ń sọ yìí, kóró kò dàpọ̀ mọ́ kóró. Odidi kóró ẹranko kan ló wọlé lọ jókòó sínú omi-inú ẹranko mìíràn.

Nílé ìwé, wọ́n kọ́ wa pé kóró ni ọ̀gá sẹ́ẹ̀lì, pé ìránṣẹ́ ni gbogbo nǹkan yòókù. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Ìdajì kejì ló gbé mi wá síbí.

Ọkùnrin ará Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Joachim Hämmerling. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ó ń fi ewédò kan ṣe iṣẹ́, Acetabularia. Ewédò yìí ga tó ìka ọwọ́, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni. Ó rí bí olú tó hù létí ògiri: ó ní gbòǹgbò nísàlẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, fìlà lókè. Inú gbòǹgbò ni kóró rẹ̀ wà. Oríṣi méjì ni Hämmerling ní lọ́wọ́, fìlà wọn kò sì jọra. Ó gé igi oríṣi kìíní, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbòǹgbò oríṣi kejì, ó wá ń wo irú fìlà tí yóò hù. Fìlà àkọ́kọ́ tó hù jọ méjèèjì. Ó gé e dànù. Èyí tó tún hù, ti oníkóró ni, pátápátá.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Kóró ló borí níkẹyìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kóró àtijọ́ ti rán sílẹ̀ kí wọ́n tó gé e ṣì wà nínú omi-inú igi yẹn, ó sì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí kóró tuntun dé. Bí ọba ṣe ń wàjà nìyẹn, tí àṣẹ tó pa kẹ́yìn á ṣì máa rìn nígboro.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni ti ẹ̀jẹ̀ adìyẹ. Ẹ̀jẹ̀ pupa tiwa kò ní kóró, ti adìyẹ ní. Kóró yẹn kò ṣe nǹkan kan mọ́, ó ti sùn, ó ti sún kì. Lọ́dún 1965, ní Oxford, Henry Harris àti John Watkins lo fáírọ̀ọ̀sì kan tí wọ́n ti pa, tí wọ́n sọ ní Sendai, orúkọ ìlú kan ní Japan. Èèpo sẹ́ẹ̀lì méjì ló máa ń lẹ̀ pọ̀. Wọ́n fi so sẹ́ẹ̀lì ènìyàn pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì eku, ó dúró. Ní ọ̀wọ́ iṣẹ́ yẹn kan náà, Harris so sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ adìyẹ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Nígbà tí kóró adìyẹ bá ara rẹ̀ nínú omi-inú ènìyàn, ó wú, ó tú, ó jí, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán iṣẹ́. Adìyẹ tí a pa lọ́dún, tí a da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú kòtò, kóró tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn lè jí bí ó bá rí ilé tó bá a mu wọ̀. Mi ò tíì rí ohun tó yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n lò yẹn, HeLa ni wọ́n ń pè é. Ara Henrietta Lacks ni wọ́n ti mú un, obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tí jẹjẹrẹ pa ní 1951. Ẹnikẹ́ni kò gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí a máa dárúkọ rẹ̀ níbikíbi tí a bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Irú ìsopọ̀ yìí náà ni Georges Köhler àti César Milstein ṣe ní Cambridge ní 1975, nígbà tí wọ́n so sẹ́ẹ̀lì ara eku tó ń bá àrùn jà mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í kú. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń wo oyún, tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì ní Mọ́kọ́lá, inú iṣẹ́ yìí ló ti jáde. Èyí tí wọ́n fi ń wo ibà náà, ibẹ̀ ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú ẹyin. Ní 1952, Robert Briggs àti Thomas King gbé kóró sínú ẹyin àkèré tí wọ́n ti yọ tirẹ̀ kúrò, ọmọ àkèré inú omi sì jáde. John Gurdon wá fi kóró ìfun ọmọ àkèré kan ṣe irú rẹ̀, ó gbé e jáde ní 1962. Ẹ̀bùn Nobel tó gbà fún un kò dé àfi 2012. Lẹ́yìn náà la gbọ́ nípa Dolly, àgùntàn tí wọ́n fi kóró sẹ́ẹ̀lì ọmú àgùntàn mìíràn ṣe, tí wọ́n bí ní Scotland ní July 1996. Ẹyin 277 ni wọ́n dán wò kí òun nìkan tó jáde láàyè.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹyin màlúù kò pé ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà, abẹ́ maikirosíkóòpù ni gbogbo iṣẹ́ ti ń lọ. Ọ̀pá díńgí kan tí ẹnu rẹ̀ dán á fa ẹyin náà mọ́ra láti apá òsì, kó má baà yí. Láti apá ọ̀tún, ọ̀pá díńgí mìíràn tí ẹnu rẹ̀ mú ṣóṣóró á gún èèpo. Nínú ẹyin tó ti gbó, kóró kì í rí roboto mọ́. Kúrómósómù ti tò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń dúró de akọ. Ọ̀pá yẹn á rọra fà wọ́n mu pẹ̀lú omi-inú díẹ̀, kò gbọdọ̀ fa púpọ̀. Wọ́n á wá ti sẹ́ẹ̀lì àjèjì sábẹ́ èèpo, wọ́n á fún méjèèjì ní iná mànàmáná, fìrí báyìí. Sẹ́ẹ̀lì kékeré á rì sínú ẹyin. Láti ìgbà náà lọ, omi-inú ẹyin ló ń sọ fún kóró yẹn pé kó gbàgbé iṣẹ́ ọmú tàbí awọ tó ti ń ṣe bọ̀, kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ. A kì í bí ọmọ sórí oyè Olúbàdàn. Mọ́gàjí agboolé ni èèyàn ń kọ́kọ́ jẹ, á máa gun àkàbà oyè títí yóò fi kàn án. Ìlú ló ń sọ ẹni di ọba. Kóró tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọmú àgùntàn yẹn, ọmú nìkan ló ń bójú tó. Ẹyin ló sọ ọ́ di odidi àgùntàn.

Nísinsìnyí, bí kóró àti ẹyin kò bá jẹ́ ẹ̀yà kan náà ńkọ́? Bí wọ́n bá jẹ́ ìbátan tímọ́tímọ́, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ní January 2001, ní Amẹ́ríkà, màlúù ilé kan bí ọmọ gaur, màlúù igbó ilẹ̀ Éṣíà. Kóró gaur, ẹyin màlúù ilé. Noah ni wọ́n sọ ọ́. Ìgbẹ́ ọ̀rìn pa á kí ó tó pé ọjọ́ méjì. Ọdún yẹn kan náà, ẹyin àgùntàn ilé gba kóró àgùntàn igbó kan ní Ítálì, ọmọ náà sì dúró. Ní Sípéènì, ewúrẹ́ orí òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní bucardo. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, Celia, kú ní January 2000. Wọ́n ti gé awọ rẹ̀ pa mọ́. Wọ́n fi kóró rẹ̀ sínú ẹyin ewúrẹ́ ilé, wọ́n sì bí ọmọ kan ní July 2003. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò dára, ìṣẹ́jú mélòó kan péré ló lò láyé. Bucardo nìkan ni ẹ̀yà tí mo mọ̀ tó kú run lẹ́ẹ̀mejì.

Ti ẹja ló wá fi hàn pé omi-inú kì í ṣe ilé lásán. Lọ́dún 2005, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà tẹ ìròyìn jáde pé àwọn gbé kóró ẹja káàpù sínú ẹyin ẹja aláwọ̀ wúrà, irú èyí tí wọ́n ń sìn sínú díńgí. Ẹja tó jáde jọ káàpù lójú, DNA kóró rẹ̀ ti káàpù ni. Nígbà tí wọ́n wá ka eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ó yà wọ́n lẹ́nu. Ti káàpù máa ń jẹ́ 33 sí 36. Ti ẹja aláwọ̀ wúrà máa ń jẹ́ 26 sí 28. Ti ẹja tuntun yìí, 26 sí 28 ni. Oníkóró ló ni awọ, ẹyin ló ka eegun. Ìgbà tí ọmọ ẹja bá ń pín ẹ̀yìn ara rẹ̀ sí oríkèé-oríkèé, ohun tí ìyá ti kó sínú ẹyin ni wọ́n ń lò. Kóró kò tíì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

Bí ìbátan bá wá jìnnà, gbogbo rẹ̀ á dẹnu kọlẹ̀. Ẹyin á pín sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, á dúró. Àwa ń sọ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ẹyin kì í ṣe Ìbàdàn. Ó ń wo ẹnu àjèjì kó tó ṣílẹ̀kùn, ààrò sì ni ọ̀kan nínú ibi tó ti ń wò ó. Inú ẹ̀rọ tó ń fi iná ààrò ṣe agbára, purotéènì 13 ni DNA ààrò ń ṣe fúnra rẹ̀. Èyí tó ju 1,000 lọ nínú èyí tí ààrò ń lò, kóró ló ń fi ránṣẹ́ láti ìta. Ti inú àti ti ìta gbọ́dọ̀ wọ ara wọn bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń wọ àgádágodo. Wọ́n ti ń gbé pọ̀ láti ìrandíran, bí ọ̀kan bá yí díẹ̀, èkejì á yí tẹ̀ lé e. Ẹ mú ààrò ìdílé mìíràn wá, kọ́kọ́rọ́ kò ní wọ̀.

Lesley Kenyon àti Carlos Moraes dán èyí wò ní 1997. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n ti pa DNA ààrò rẹ̀ run, wọ́n fi ààrò àwọn ìbátan wa inú igbó, ìnàkí àti irú wọn, sí i. Ti ṣìmpáńsíì ṣiṣẹ́, ti bonobo ṣiṣẹ́, ti gorilla náà ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ nínú ààrò náà kò lágbára tó bó ṣe yẹ. Ti orangutan kò ṣiṣẹ́ rárá. Ààlà wà níbì kan láàárín gorilla àti orangutan, sẹ́ẹ̀lì wa sì mọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi hàn án.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà níjòókòó tí ara wọn ti ń bù máṣọ, tí wọ́n fẹ́ bi mí pé, wọ́n ha ti ṣe é pẹ̀lú ènìyàn? Wọ́n ti ṣe é. Ní January 2008, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún yunifásítì Newcastle àti King's College London láṣẹ láti fi kóró ènìyàn sínú ẹyin màlúù. Oṣù April ni Newcastle kéde pé àwọn ti rí i ṣe. Ìdí tí wọ́n fi lo màlúù ni pé ẹyin obìnrin ṣọ̀wọ́n, gbígbà rẹ̀ sì ń dun obìnrin, nígbà tí ẹyin màlúù pọ̀ nílé ìpẹran. Wọ́n fẹ́ rí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lè fi wo àrùn tó ń jẹ ọpọlọ àti iṣan ara. Òfin wọn sọ pé kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ, kò sì gbọdọ̀ wọ inú obìnrin tàbí ẹranko kankan. Ìwé ìròyìn ń pariwo ènìyàn-màlúù, bẹ́ẹ̀ gbogbo bílíọ̀nù 3 lẹ́tà inú kóró yẹn, ti ènìyàn ni.

Mi ò ní pe ẹni tó bẹ̀rù ní òpè. Àwọn tó jókòó sí ilé ìgbìmọ̀ lọ́dún yẹn tí wọ́n ń béèrè ibi tí ọ̀nà yìí ń gbé wọn lọ, ìbéèrè tó yẹ ni wọ́n béèrè. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ti dá wọn lóhùn. Ní 2009, àwọn onímọ̀ kan fi hàn pé ẹyin màlúù àti ti ehoro kò lè jí àwọn jíìnì tí ọmọ ènìyàn nílò láti bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Kóró wà nínú ilé, kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ sí i. Ṣáájú ìgbà yẹn, Shinya Yamanaka ti rí ọ̀nà, lára eku ní 2006, lára ènìyàn ní 2007, láti dá sẹ́ẹ̀lì awọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láìlo ẹyin rárá. Ni ọ̀rọ̀ ẹyin màlúù bá rọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ya sídìí ọ̀gbìn díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí wà lóko wa. Àwọn àgbẹ̀ ti ń gbé kóró sínú omi-inú mìíràn láìlo ọ̀pá díńgí. Ẹ mú ọ̀gbìn kan ṣe ìyá, ẹ fi akọ ọ̀gbìn mìíràn gùn ún. Ẹ mú ọmọ náà, ẹ tún fi akọ yẹn kan náà gùn ún. Bí ẹ bá ṣe é léraléra, kóró á di ti akọ tán, omi-inú á sì jẹ́ ti ìyá àkọ́kọ́ síbẹ̀. Ọ̀nà yìí ni Hitoshi Kihara ní Japan fi gbé kóró wíìtì sínú omi-inú koríko kan tó jẹ́ ìbátan wíìtì, ní 1951, ó sì rí i pé akọ wíìtì náà kò lè mú ọmọ jáde mọ́.

Mo ti fọwọ́ kan irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ rí, ní oko àdánwò kan lẹ́bàá Moníyà. Àárọ̀ ni, ìrì ti gbẹ. Mo gbọ̀n òdòdó orí àgbàdo kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ dà sílẹ̀ bí èlùbọ́. Mo gbọ̀n èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ewé rẹ̀ tutù, ó ga, ó dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ́ tónítóní. Ààrò inú rẹ̀ ló dá a dúró.

Irú omi-inú bẹ́ẹ̀ kan tí wọ́n rí ní Texas wúlò fún àwọn tó ń ta irúgbìn ní Amẹ́ríkà gan-an, nítorí wọn kò ní láti máa gé òdòdó orí àgbàdo lọ́wọ́ mọ́. Nígbà tó fi di 1970, bíi ìdá 85 nínú 100 àgbàdo wọn ló ní omi-inú Texas yẹn. Kóró wọn yàtọ̀ síra, oríṣiríṣi ni. Ìyá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní. Olú àrùn kan dé lọ́dún yẹn tí májèlé rẹ̀ ń bá ààrò Texas jà, ibi kan náà tó ń sọ akọ di àgàn ni májèlé náà ń gbà wọlé. Bíi ìdá 15 nínú 100 ìkórè orílẹ̀-èdè náà ló ṣòfò. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀gbìn, IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, ti wà nílùú yìí láti 1967. Bí ẹ bá débẹ̀, tí wọ́n bá ń sọ oríṣi irúgbìn fún yín, ẹ béèrè ìyá rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ débí yìí, màmá kan tó ń ta òròmọdìyẹ ní Bódìjà dìde. Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ ti sọ ti kóró, ẹ ti sọ ti ẹyin, ẹ sọ ti ẹni tó gbé oyún. Ta wá ni ìyá ọmọ?”

Mo ní, màmá, ẹ jẹ́ kí n fi ẹranko kan dá yín lóhùn. Ferret ẹlẹ́sẹ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà, ẹran kékeré kan tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń wọ ihò lọ pa ẹran jẹ. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n tán, gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù, ìran ẹran méje péré ni wọ́n. Ọ̀kan wà tí kò sí lára àwọn méje yẹn, Willa, tó kú ní 1988, tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pa mọ́ sínú yìnyín ní San Diego. Wọ́n fi kóró Willa sínú ẹyin ferret ilé, ferret ilé ló gbé oyún, wọ́n sì bí Elizabeth Ann ní December 2020. Wọ́n tún bí àwọn mìíràn láti ara Willa, Antonia wà nínú wọn, ó sì bí ọmọ tirẹ̀ ní 2024. Ọmọ mẹ́ta ni, ọ̀kan kú, ó ku akọ kan àti abo kan. Abo yẹn, bó bá bímọ, ààrò ferret ilé ló máa fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Akọ yẹn kì í fi ààrò lé ọmọ lọ́wọ́. Bó bá gun abo inú igbó, kóró Willa á wọlé tọ àwọn ẹbí rẹ̀ lọ, ààrò ferret ilé á sì parí sọ́dọ̀ rẹ̀.